Ìṣẹ́jú-àáyá Mọ́kànlélógún

Nígbà tí orin náà máa fi dé ìlà kẹta, Ọ̀gá Àgbà ti yọ awò ojú rẹ̀ sórí orúnkún, ó sì ti di ojú méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ń fi òróró pa lẹ́sẹ̀. Ohùn tó ń jáde látinú sípíkà méjì tó wà lórí tábìlì nípọn, ó balẹ̀, àṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Agbohùn, obìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò di ojú tirẹ̀ ní tòun. Iye ìṣẹ́jú tí orin náà gùn ló ń wò, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé ni orin tó gbà sílẹ̀. Èyí tó ń dún yìí fi ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún lé. Orin kì í sanra lójú ọ̀nà.

"Tún un bẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà kẹta kí bàbá náà tó la ojú, omi sì ti lé ròrò síbẹ̀.

"Ohùn mi nìyẹn," ló wí. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe èmi ni ẹ ń gbọ́, sípíkà ilé-ìwé ni. Ta ló gbà mí gbọ́?"

Ohùn tó fi sọ ọ̀rọ̀ náà tín-ín-rín bíi ti kẹ́túlù tó fẹ́ẹ̀ hó, ṣùgbọ́n kò jọ pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe ló mú kí àdúgbò máa pè é ní Agbohùn. Yàrá kan ló háyà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo ògiri rẹ̀, ó sì fi gíláàsì pín in sí méjì. Akọrin á wà lápá kan pẹ̀lú máìkì, òun á wà lápá kejì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á pa fáànù, á kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta kí aránṣọ lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, gbogbo wọn á sì jọ máa làágùn títí orin á fi parí. Ohùn ẹlòmíràn ló ń gbà. Tirẹ̀ kì í dé iwájú máìkì. Bí ó bá fẹ́ dán an wò, ìka ló máa ń ta sí i. Bí àlejò bá pè é lórí fóònù, "bọ̀dá" ni wọ́n máa ń kí i, kò sì jà sí i mọ́.

Gbígbà ni tirẹ̀. Pípo ohùn pọ̀ títí á fi di orin tó ṣeé gbọ́, Etí-Ọdẹ ló ń bá a ṣe ìyẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó wà ní ìlú mìíràn báyìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò tí Agbohùn ń lò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Etí-Ọdẹ, ọ̀kan kò sì lè ṣí iṣẹ́ èkejì. Nítorí náà, á fi ohùn kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tirẹ̀, ti Ọ̀gá Àgbà lọ́tọ̀, ègbè lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, á rí i pé gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, á wá fi wọ́n ránṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan kò sì bàjẹ́ rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni iṣẹ́ padà dé láti ọ̀dọ̀ Etí-Ọdẹ. Agbohùn ti pinnu láti kọ́kọ́ dá gbọ́ ọ. Aago mẹ́wàá ló dá fún Ọ̀gá Àgbà, aago mẹ́jọ ni Ọ̀gá Àgbà kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró lẹ́nu géètì tó ń mú àwọn tó pẹ́, ibo ni yóò ti rí ẹsẹ̀ tí yóò fi pẹ́?

Kì í sì í ṣe orin lásán ni. Àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé tó ti ṣe ọ̀gá ti kọ́ yàrá ìkàwé méjì síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, Sátidé sì ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Wọ́n ní kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Fèrè ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń pè é lẹ́yìn láti bí ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu báyìí, àwọn bàbá ọlọ́mọ tó kún ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn ní ìhà. Ló bá ronú pé kí òun gba orin tí òun fi ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi í sórí sípíkà, kí òun kàn jókòó, kí òun máa mi orí.

"Ká ní mo rí ọmọ tó sọ mí ní Fèrè yẹn," ló wí, ó ń fi awò ojú rẹ̀ padà, "màá fi orin yìí sí i létí, màá ní kó tún un sọ."

Agbohùn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Òun ni ọmọ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n ní kí ó dìde ka ìwé, ohùn ńlá kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó mú kí gbogbo kíláàsì dà lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ náà, títí dòní kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rín ti ń lọ lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Àgbà ń kọjá lójúde, tó ń lé àwọn kan kúrò nínú òdòdó, ni ọmọ náà bá nàka sí ojú fèrèsé: "Ẹ gbọ́, fèrè ń dún." Ẹ̀rín bá yà kúrò lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, ó ti di orúkọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò tirẹ̀ fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà lójú ọ̀run kó tó balẹ̀ sínú sítúdíò.

Ó rọra sọ fún bàbá náà pé iṣẹ́ kò tíì parí, pé ó ku àwọn ibì kan tí wọ́n máa fọwọ́ bà. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n má fọwọ́ ba nǹkan kan, àfi bí wọ́n bá fẹ́ bà á jẹ́. Ó ní òun á mú ìyàwó òun wá lọ́la, torí pé obìnrin náà ló kọ ègbè, ó sì yẹ kó gbọ́ irú ọkọ tó ń bá gbé. Ó fi ayọ̀ jáde, ó kí aránṣọ, ó kí ẹni tó wá gba aṣọ, ó kí ajá.

Agbohùn gbé fóònù.

"Mélòó lo ṣí iṣẹ́ bàbá yẹn sí?" ló bi Etí-Ọdẹ.

Ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ nǹkan lọ́hùn-ún.

"Yéè," ni Etí-Ọdẹ wí. "Mẹ́rìnlélógójì."

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í gba ohùn ní odidi, wẹ́wẹ́ ló máa ń gé e, bí ìgbà tí wọ́n ń gé búrẹ́dì. Agbohùn gé tirẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni Etí-Ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó ṣí ti Ọ̀gá Àgbà lé ibi tó fi iṣẹ́ yẹn sí, ètò rẹ̀ sì ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì àti díẹ̀. Búrẹ́dì kan náà, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ló falẹ̀. Orin gùn sí i, gbogbo ohùn inú rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀.

Etí-Ọdẹ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni òun á fi tún un ṣe. Agbohùn wá ròyìn bí bàbá náà ṣe sunkún ayọ̀, ẹ̀rín náà sì dá.

"Kò le," ló wí níkẹyìn. "Màá dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó yẹ, màá wá fi irinṣẹ́ kan fa ohùn bàbá nìkan wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Àwa méjèèjì máa mọ̀."

"Ohun tí àwa méjèèjì mọ̀ nípa àwọn akọrin ìlú yìí ju ìyẹn lọ, a sì ń sùn."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti tún ohùn onígbàgbọ́ ṣe, wọ́n ti tún ti ọ̀mùtí ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n sanwó fún. Agbohùn ní kí ó fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ ná, ìkejì yẹn, òun á pè é. Kò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún un. Bí ó ṣe wà yìí, àṣìṣe ni. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe, ó di irọ́. Síbẹ̀, bí irọ́ náà á bá bo orúkọ tí òun fi kan ọmọlúàbí ènìyàn yìí mọ́lẹ̀, ṣé kò tó bẹ́ẹ̀? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì jẹ́ kí ẹ̀wà rẹ̀ jó mọ́nú ìkòkò nílé.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ, Ọ̀gá Àgbà mú ìyàwó rẹ̀ dé. Màmá jẹ́ obìnrin gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo fóòmù ara ògiri, ó béèrè bóyá ìdun wà nínú rẹ̀, ó sì jókòó. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ojú rẹ̀ ju bó ṣe ń gbọ́ orin lọ.

Èyí ti àná ni Agbohùn ṣì fi sí i. Ìlà àkọ́kọ́ jáde. Màmá yí ojú sí ọkọ rẹ̀, ó tún yí i padà. Nígbà tí orin dé ègbè, ó gbé ọwọ́ sókè, Agbohùn sì dá a dúró.

"Ta ni bàbá yìí?" ni Màmá béèrè.

"Bàbá wo?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Eléyìí tó ń gbè. Tí ọ̀fìnkìn ń ṣe."

Ọ̀gá Àgbà wo Agbohùn, Agbohùn wo fáànù. Ọ̀gá Àgbà wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ohùn ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ni.

"Èmi?"

"Ó balẹ̀ díẹ̀ ni. Ó níyì."

"Ẹ̀yin rí ohùn gbà," ni Màmá wí, "wọ́n sì gba tèmi lọ́wọ́ mi. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti fẹ́ yín. Bí àwọn ènìyàn yín bá gbọ́ èyí ní Sátidé, wọ́n á béèrè ọkùnrin tí ẹ ń bá gbé."

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ègbè kò tó nǹkan nínú orin, Màmá ní bí kò bá tó nǹkan kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní ohùn rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀, Màmá ní ó dùn fún ìsìnkú. Agbohùn ti mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá pe Etí-Ọdẹ báyìí, kí ọ̀sán tó pọ́n, ohùn ọkọ á wà nísàlẹ̀, ti ìyàwó á padà sípò, ilé á tòrò, kò sì sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ó ti tẹ nọ́ńbà náà dé ìdajì.

"O ò mọ ohun tí orin yìí ṣe fún mi," ni Ọ̀gá Àgbà ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mo ti pe àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ti Sátidé lánàá. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n fi í sórí sípíkà mọ́. Ìgbà tí mo ti wá mọ bí ohùn mi ṣe rí, èmi fúnra mi ni màá dìde kọ ọ́ níwájú wọn."

Agbohùn gbé fóònù sílẹ̀. Ìbẹ̀rù mú un gan-an. Bàbá yìí fẹ́ dìde níwájú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn pẹ̀lú ohùn tí kò ní, àṣìṣe nọ́ńbà kan ló sì tì í dìde.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ohùn yín kọ́ nìyẹn."

Ó ṣàlàyé. Ó sọ ti ètò méjì, ó sọ ti búrẹ́dì, ó sọ ti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún, ó ní ẹ̀bi òun ni torí pé òun ni kò gbọ́ ọ kó tó fi í sí wọn létí. Lẹ́yìn náà ó fi èyí tó tọ́ sí i, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Ohùn tín-ín-rín náà jáde, ó mọ́, ó yára, ó ń gun òkè bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Màmá wọlé sí ègbè pẹ̀lú ohùn obìnrin. Kò sẹ́ni tó dá orin náà dúró títí ó fi parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé. Maṣíìnì aránṣọ ń lọ lẹ́yìn ògiri.

"Ìyẹn ni pé èmi náà ni Fèrè ọ̀hún," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Ó ti yọ awò ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ojú.

"Kí ni fèrè ṣe?" ni Màmá wí. "Òdìkejì pápá bọ́ọ̀lù ni ẹ wà lọ́jọ́ tí ẹ pè mí. Àwọn méjì ti ń pè mí ṣáájú yín, tí wọ́n ní ohùn ńlá, mi ò gbọ́ wọn. Tiyín ni mo gbọ́."

Àánú bàbá náà ṣe Agbohùn débi pé ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ló wí. "Èmi ni mo sọ yín ní Fèrè."

Bàbá náà rọra fi awò ojú rẹ̀ sí. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Dìde."

Agbohùn dìde. Kò mọ ìgbà tó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Kíláàsì mélòó?"

"Kẹrin, sà."

"Kí ló fà á?"

Ó sọ ọ́. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, òun sì wá ẹlòmíràn tí òun máa ti yẹ̀yẹ́ náà sí. Ọ̀gá Àgbà béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Agbohùn wo ilẹ̀.

"Jẹnẹrétọ̀, sà."

Ohùn ńlá náà ló fi sọ ọ́, torí kò ní òmíràn. Màmá fi etí ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọ̀gá Àgbà gbìyànjú láti di ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ já, ó sì ga débi pé maṣíìnì aránṣọ dákẹ́ lẹ́yìn ògiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kàn án.

Nígbà tó sinmi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó ní òun ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun máa dìde kọrin, òun kò sì kọ́ ọmọ kankan ní kíkó ọ̀rọ̀ jẹ. Òun á dìde. Kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn bó bá wù wọ́n. Ó ní ṣùgbọ́n fèrè kì í dá dún lásán, ohùn ńlá kan ló yẹ kó máa kùn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyà rẹ ti pẹ́," ló wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bọ́ sẹ́yìn gíláàsì yẹn, ká gba ohùn tìrẹ tí wọ́n máa fi sábẹ́ tèmi ní Sátidé."

Agbohùn ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Ó ní òun kì í kọrin. Ó ní kò sí ẹni tó máa tẹ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Àgbà ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń béèrè èwo ló yẹ kí òun tẹ̀.

"Èyí tó pupa, sà," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà òkè yẹn. Ṣé méjìdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀?"

Bàbá náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Agbohùn wọlé síwájú máìkì. Fóòmù tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri gbé gbogbo ariwo ayé jẹ, ó sì ń gbọ́ mímí ara rẹ̀. Màmá ti dìde lọ pa fáànù. Lápá kejì gíláàsì, Ọ̀gá Àgbà gbé ìka lé èyí tó pupa, ó jókòó gbọnrangandan. Agbohùn gbé ọwọ́ sókè láti ta ìka sí máìkì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá náà mi orí fún un pé rárá.

Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ohùn rẹ̀ sì lọ balẹ̀ sí ibi tó máa ń lọ, tòun ti iwúwo rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ni Fèrè wí láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Máa bọ̀."